Alágbàfọ̀ tó jó sányán bàbá àwọn ọmọ mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tí àwọn alágbàfọ̀ tí mò ń kó aṣọ fún ń gbà, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. Bùbá àti ṣòkòtò, 1,200 náírà. Agbádá pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń bá a rìn, 3,000. Bẹ́díṣíìtì, 800. Bí ẹ ò bá fẹ́ sítáàṣì, ẹ tètè wí i, kí ẹ sì tún un wí nígbà tí ẹ bá ń jáde, torí lójú ọ̀gá wọn, kò sí aṣọ tí sítáàṣì ò yẹ. Wọ́n á ní kí ẹ wá kó o ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ lọ. Ìbàdàn ni wọ́n wà, ní àdúgbò tiwa, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì kan tó kọjú sí títì. N ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tèmi nàka sí i lọ́jọ́ tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń kó aṣọ fún wọn. Wọn ò pa funfun pọ̀ mọ́ aláwọ̀ rí. Bọ́tìnnì tó bá já, wọ́n á rán an padà láì gba kọ́bọ̀. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí wọ́n bá 5,000 náírà nínú àpò ṣòkòtò ọmọ mi; wọ́n dì í sínú bébà, wọ́n fi pín-ìnnì há a mọ́ aṣọ náà. Ìyẹn ló jẹ́ pé nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó lọ́dún tó kọjá, tó ní agbádá sányán bàbá òun lòun máa wọ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo gbé e lọ.

Agbádá yẹn ni bàbá àwọn ọmọ mi wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní 1989. Látìgbà tí wọ́n ti ṣaláìsí, inú àpótí ni mo gbé e sí pẹ̀lú káńfọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo máa ń yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe òwú oko ni wọ́n fi ń hun ojúlówó sányán o. Ilé tí kòkòrò kan ń kọ́ sára igi ni wọ́n ń já wálé, wọ́n á sè é kó rọ̀, wọ́n á wá ran án ní òwú. Baba aṣọ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan, ìyàwó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ọ̀gá alágbàfọ̀ wọlé. Kò rán ọmọṣẹ́, kò pè mí lórí fóònù. Ó gbé náílọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì.

"Mọ̀mí, a ti bà yín láṣọ jẹ́."

Ó tú u fún mi wò. Apá òsì ni. Ojú ibẹ̀ rí bí imú áyọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́, ó gùn tó ìka ìfábẹ̀lá mi, etí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ ti dá lu. Mo fi kan imú. Irun jíjóná ló ń rùn, bíi ti ìgbà tí wọ́n bá fi kọ́ọ̀mù gbígbóná ya irun tó sì pẹ́ jù lórí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ń lọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ọmọ náà fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó sáré lọ sẹ́yìn láti tan jẹnẹrétọ̀. Kó tó fa okùn jẹnẹrétọ̀ tán, iná ti dé padà.

N ò pariwo. Mo wọ yàrá lọ jókòó. Nígbà tí mo máa jáde, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi bọ́, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́: mo ní ọmọ tó fọwọ́ ba irú aṣọ yìí jẹ́, ohunkóhun tó bá dáwọ́ lé kò ní yọrí. Ọ̀gá rẹ̀ dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ bú. Ẹ má ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ léèpè." Mo ní kó jáde nílé mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ fi dé. Alága àdúgbò wá. Ìyá tó ń ta ìrẹsì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà wá. Àbúrò mi pè láti Abẹ́òkúta, n ò sì mọ ẹni tó sọ fún un. Gbogbo wọn, orin kan náà ni: ẹ wo ti Ọlọ́run, ẹ fi ṣe osùn kí ẹ fi para, nǹkan tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé aṣọ náà wá kóun wò ó. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò tíì sunkún tán, a ti ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá alágbàfọ̀ nìkan ni kò bẹ̀ mí mọ́. Àárọ̀ Ẹtì ló dé, ó ní bí mo bá lè gbé aṣọ náà fún òun, òun fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Mo gbé e fún un. Mo tún ní kó fọwọ́ síwèé pé ó gbà á, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ bí aṣọ òkè, tí sányán jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣe rí: awẹ́ tóóró-tóóró ni wọ́n ń hun ún, ìbú rẹ̀ ò ju ìka mẹ́rin-márùn-ún lọ, kí wọ́n tó rán awẹ́ mọ́ awẹ́ di odidi. Èyí tó bá bàjẹ́, èèyàn lè tú u kúrò láì fọwọ́ kan ìyókù. Bàbá ahunṣọ tó bá níbẹ̀ wo òwú ibi tó jóná, ó ní ojúlówó ni, pé ká ní òwú onírọ́bà tí òyìnbó ń ṣe ni, ṣe ni ì bá yọ́ gàn-ín-gàn-ín bíi náílọ́ọ̀nù. Ọ̀gá alágbàfọ̀ pè mí látibẹ̀ láti sọ ọ́ fún mi. Ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló ni aṣọ.

Awẹ́ méjì ni wọ́n pàrọ̀. 45,000 náírà ni wọ́n gbà, àpò ara rẹ̀ ló ti san án. N ò dá a padà fún un, n ò sì bá a dá a. Àwọn kan ní mo le lójú, pé tí mo bá ti foríjì í, kí n foríjì í tán. Mo ní ìyẹn ọ̀tọ̀, owó ahunṣọ ọ̀tọ̀.

Ìyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí aṣọ dé. Òwú tuntun náà fi díẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Tí ọmọ mi bá ká apá agbádá sórí èjìká, kò hàn. Àmọ́ nígbà tó ń jó tí wọ́n ń ná an lówó, apá òsì yọ̀ wálẹ̀, mo sì rí awẹ́ méjèèjì láti ibi tí mo jókòó sí.

Oṣù mẹ́rin ni n ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Alágbàfọ̀ mìíràn tí mo lọ bá sọ àpò ìrọ̀rí mi kan nù, ó sì bá mi jiyàn pé n ò mú un wá rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló mú mi rántí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ mí.

Sátidé kan, mo kó kọ́tìnnì mi, mo gba ibẹ̀ lọ. Bí ọmọ náà ṣe rí mi, ó sá wọ ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n pè é. Ó dé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo kó o jẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á yọrí. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Látìgbà náà ni ọwọ́ mi ti máa ń gbọ̀n tí mo bá di áyọ́ọ̀nù mú." Mo rò pé ẹnu àgbà méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn mọ ni. Mo wo ọ̀gá rẹ̀, inú sì bí mi sí i díẹ̀ pé ó lọ sọ fún un.

Kò lé ọmọ náà. Oṣù méjì ló fi ní kó máa fọṣọ nìkan. Ó wá lẹ páálí pupa kan mọ́ ògiri lókè tábìlì ìlọṣọ: INÁ LỌ? YỌ ÁYỌ́Ọ̀NÙ KÍ O TÓ KÚRÒ. Ọmọ náà ló ń lọ aṣọ mi báyìí. Ó ń fara balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn wà lára ohun tó sọ ọjọ́ mẹ́ta di márùn-ún.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Sítáàṣì ló jẹ ìkan yòókù.

Agbádá náà ṣì wà nínú àpótí. Ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí díẹ̀ látọjọ́ ìyàwó, ó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo ti yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ká a padà.