Gáìdì tó mú wa wo ọ̀rọ̀ àwọn satrap Páṣíà ní British Museum

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ gbọ́ o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum, gáìdì ni èmi sanwó fún, £25, obìnrin kan tó ń mú èèyàn díẹ̀ káàkiri ibẹ̀, ọ̀rọ̀ satrap nìkan ló sì ń sọ, ìyẹn àwọn tí ọba Páṣíà máa ń fi ṣe olórí ilẹ̀ tó bá ti ṣẹ́gun. Ẹni tó bá ti ka ìwé Ẹ́sítérì, àwọn 127 ìgbèríko yẹn, láti Íńdíà dé Etiópíà, irú àwọn tó ń bá ọba ṣàkóso wọn nìyẹn. Lédè Páṣíà àtijọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ìjọba ló túmọ̀ sí, ẹnu àwọn Gíríìkì ló ti di satrap.

Room 52 la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn Oroetes, ara mi bù máṣọ! Oroetes yìí ni satrap Sardis, ní Tọ́kì òde òní, ó ń pa èèyàn bó ṣe wù ú, ó pa ìránṣẹ́ Dáríúsì ọba pàápàá, ẹ̀ṣọ́ Páṣíà 1,000 ló sì yí i ká. Ọba ò kógun lọ, Bagaeus ló rán pẹ̀lú lẹ́tà olóǹtẹ̀. Wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, Bagaeus ń wojú àwọn ẹ̀ṣọ́ bóyá wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀kan ní kí wọ́n má ṣọ́ Oroetes mọ́, wọ́n ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ní kí wọ́n pa á, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fa idà yọ. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, ló kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ bí obìnrin yìí ṣe ń sọ ọ́, àfi bíi pé ó wà níbẹ̀.

Ohùn ẹ̀ kéré ṣá, tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó tún sáré kọjá kẹ̀kẹ́ ẹṣin wúrà kékeré inú Oxus Treasure, ìyẹn ìṣúra wúrà àti fàdákà Páṣíà àtijọ́, kẹ̀kẹ́ yẹn sì ni èyí tí èmi torí ẹ̀ wá gan-an.

Room 21 ni ti Mausolus, satrap Caria, ní Tọ́kì òde òní náà, tó kú ní 353 ṣáájú Kristi, wọ́n kó àwókù ibojì ẹ̀ síbẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti ṣe satrap rí, Artemisia ìyàwó ẹ̀, tó tún jẹ́ ọmọ bàbá ẹ̀ (háà!), ló jẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣebí ajẹ́lẹ̀ náà nìyí, mo ní rárá o, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń lọ jókòó ti ọba onílùú ni, ọba ṣì wà lórí oyè, Mausolus ní tiẹ̀ ń ṣe bí ọba fúnra ẹ̀ ni, wọ́n tún ka ibojì ẹ̀ mọ́ ohun ìyanu méje ayé àtijọ́.

4 nínú 5. Ẹ dúró súnmọ́ ọn dáadáa.