Gáráàjì tó tún tọ́bò Partner mi ṣe ní Ouando

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gasoil (dísẹ́ẹ̀lì) ṣiṣẹ́ láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́, gáráàjì kan wà lẹ́yìn ọjà Ouando tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò ní pátákó. Ẹ ṣáà béèrè ọ̀gá tó ń tún tọ́bò ṣe, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀.

Peugeot Partner 1.6 HDi ni mo fi ń kó gàrí. Pọ̀bẹ́ la ti kọjá tí mo gbọ́ tó ń súfèé, agbára rẹ̀ wálẹ̀, èéfín búlúù sì ń tú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń fi igi tútù dáná. Mo paná ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí tọ́bò bá ti ń da ọ́ìlì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì gasoil ti ń mí, ẹ́ńjìnnì náà lè máa jó ọ́ìlì yẹn, kó má sì kú, bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe rọra wà á délé.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ dé bá mi lójú ọ̀nà kò tú nǹkan kan. Ó ní kí n lọ ra àlòkù wá, òun á dè é kíá. Ọ̀gá ti Ouando ò dárúkọ owó títí ó fi rí ohun tó pa tọ́bò. Ìdí tí mo fi ń yìn ín nìyẹn.

Ó yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, ó fi ìka méjì mú irin tó gbé abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ bà á. Bó bá mì díẹ̀ sókè-sódò, kò burú, ọ́ìlì ló ń gbé e dúró bó bá ń yí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa wọlé-jáde báyìí." Lóòótọ́, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ó wá tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò. Asẹ́ tíntín kan wà nínú síkúrúù rẹ̀, èédú ti dí i pa. Ó fẹnu fẹ́ páìpù náà, afẹ́fẹ́ ò kọjá. Àìrí ọ́ìlì mu ló pa tọ́bò mi! Ó tún tọpa rẹ̀ dé wáṣà bàbà tó ń jò lábẹ́ injector kan, ìyẹn ohun tó ń fọ́n gasoil sínú ẹ́ńjìnnì: èéfín ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀. Àrùn irú ẹ́ńjìnnì yìí ni. Bí ẹ bá de tọ́bò tuntun mọ́ páìpù yẹn, á kú bíi ti àkọ́kọ́.

Ká tún un ṣe àbí ká pààrọ̀? Ilé tọ́bò kò sán, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà àti níbi tí èéfín gbígbóná ń gbà. Ọ̀gá ní ká pààrọ̀ àárín rẹ̀ nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní cartouche, pẹ̀lú páìpù ọ́ìlì tuntun. Mo fara mọ́ ọn. Àlòkù tó ti Yúróòpù wọ Kùtọnu lè dára, ṣùgbọ́n ta ló mọ irú ọ́ìlì tó ti mu? Ohun tí mi ò ní gbà láé ni kí ẹnì kan tú àárín tọ́bò, kó ki bùṣì tuntun sí i, kó dè é padà láìgbé e sórí ẹ̀rọ tó ń dọ́gba ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan! Cartouche tèmi bá ìwé ìdọ́gba rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ pé ilé rẹ̀ ti sán ni, odindi ni ǹ bá rà.

Wọ́n fọ intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ láti tọ́bò tutù, wọ́n tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì láti fọ asẹ́ ọ́ìlì ibẹ̀, wọ́n pààrọ̀ wáṣà náà, ọ́ìlì àti fílítà. Kí wọ́n tó ṣáná, ọ̀gá fúnra rẹ̀ bu ọ́ìlì sínú ihò tọ́bò, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó má tẹ iná rárá títí ọ́ìlì á fi dé ibẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 145,000 sẹ́fà. Ó kó ẹ̀yà àtijọ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ kọ ìdánilójú oṣù mẹ́ta sórí ìwé owó. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé mo dúró pẹ́ de cartouche láti Kùtọnu, ọ̀gá kì í sì í gbé fóònù. Inú bí mi, torí àwọn oníbàárà gàrí ń pè mí. Ẹ gba nọ́ńbà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà; òun ló ń dáhùn.