Ẹ ṣọ́ra fún "tòkunbọ̀" tí wọ́n ń fi gba pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, Transporter, LT, Golf, Hiace, Hilux, ẹ gbọ́ o. Gbájúẹ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn kan tó ń ta sípíà páàtì, ó sì ti mú àwọn èèyàn tí mo mọ̀. Ẹ máa lọ bá ọ̀gá pé pọ́ńpù tó ń ti dísẹ́ẹ̀lì wọ ẹ́ńjìnnì ń jò, pé mọ́tò ò fà mọ́ tó bá ti kan òkè. Á fọwọ́ kan pọ́ńpù, á mi orí: "Eléyìí ti kú o. Ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ fowó lé e, màá fún yín ní tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé." Èyí tó ń dán gbinrin lẹ máa gbé lọ sílé. Kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tiyín ńkọ́? Wọ́n á fi pẹtiróò fọ̀ ọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù dí ibi tó ń jò, wọ́n á fọ́n ọ̀dà fàdákà sí i lára, ó ti di tòkunbọ̀ ẹlòmíì nìyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́ńpù yẹn ò kú rárá. VE, irú pọ́ńpù kan tí iléeṣẹ́ Bosch ṣe, ló wà lára ọ̀pọ̀ Volkswagen wọ̀nyí, iléeṣẹ́ Denso náà sì ṣe irú rẹ̀ fún Toyota. Rọ́bà ló ń dí i kó má jò: ọ̀kan lábẹ́ ìdérí òkè, ọ̀kan lára ọ̀pá tí wáyà tọ́tù ń fà tẹ́ ẹ bá tẹ iná mọ́tò, ńlá kan lẹ́yìn níbi tí àwọn páìpù tó ń gbé epo lọ sí nozzle ti jáde, àti ọ́yìlì síìlì níwájú. Rọ́bà tó ti pẹ́ á gan, á sán, epo á máa jáde. Owó kíìtì rọ́bà yẹn ò jọ owó pọ́ńpù rárá. Ti ẹ̀yìn nìkan ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kàn, torí tí wọ́n bá fa orí ẹ̀yìn tí àwọn páìpù wà yẹn jáde láìṣọ́ra, sípíríìnì àti ṣímù inú rẹ̀ á yẹ̀ kúrò láàyè, ìgbà yẹn gan-an ni pọ́ńpù máa wá bàjẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa jíjò àti àìfà pọ̀ mọ́ ara wọn fún yín. Mọ́tò lè má fà kó má jẹ́ pé pọ́ńpù ló fà á. Ẹ wá ọ̀sì tó mọ́ gaara, tí ojú ń rí inú rẹ̀, kí mẹkáníìkì fi rọ́pò èyí tó wà láàárín fílítà àti pọ́ńpù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Tí ìfófòó bá ń sáré kọjá nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé kí epo tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ńpù: kílíìpù tó dẹ̀ ni, tàbí ọ̀sì tó sán, tàbí ìdérí fílítà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kéègì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sókè ju pọ́ńpù lọ, kó máa ṣàn wá tààrà. Bí ẹ́ńjìnnì tó ń jà tẹ́lẹ̀ bá ré sókè wẹ́rẹ́, fílítà, páìpù tàbí táńkì ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Ní ti jíjò, ẹ fọ pọ́ńpù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ da pọ́dà ọmọdé sí i lára, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù ló ń jò.

Bàbá kan ládùúgbò wa nílùú Ìbàdàn ra tòkunbọ̀ sí Transporter wọn, mọ́tò ò fà, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ọlọ́jà ní epo tí wọ́n rà ni ò dáa, pé kí wọ́n mú owó òmíràn wá. Nígbà tá a tú u wò, bólútì méjì tó so ọ̀sì epo mọ́ pọ́ńpù ni wọ́n fi dípò ara wọn. Èyí tó gba epo padà sí táńkì, OUT ni wọ́n kọ sí i lórí, ihò inú rẹ̀ tín-ín-rín, kó lè há epo mọ́ inú pọ́ńpù kí prẹ́ṣọ̀ lè gbéra. Ti ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé, ihò tiẹ̀ fẹ̀. Wọ́n jọra bí ìbejì. OUT ló wà lẹ́nu ọ̀nà. A dá wọn padà sáyè wọn, mọ́tò sì fà. Mi ò lè búra pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àmọ́ pọ́ńpù kejì ni wọ́n fẹ́ tà fún bàbá.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà pátákó kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ VE4/9F2250R, ti sílíńdà 4 ni, písítínì inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9, R ni pé apá ọ̀tún ló ń yí sí. 2250 ni ìyípo pọ́ńpù fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ́ńjìnnì á sì ti yí ìlọ́po méjì ìyẹn. Transporter T4 oní 2.4 tó ní sílíńdà 5 ò lè lo VE4, ìyẹn rọrùn láti mọ̀. VE4 tó bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì yín, tí písítínì rẹ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ wo ẹ̀yìn náà. Súkúrúù kan wà níbẹ̀ tó ń pinnu bí epo á ṣe pọ̀ tó, iléeṣẹ́ sì máa ń síìlì rẹ̀. Tí síìlì ọ̀hún bá ti já, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí i wọlé kí pọ́ńpù tó ti rẹ̀ lè fà lójú yín. Èéfín dúdú á máa tẹ̀ lé yín káàkiri, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná.

Pọ́ńpù ń kú lóòótọ́ o, mi ò sọ pé kì í kú. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń gba inú VE kọjá gan-an ló ń fi epo ra á lára, nítorí náà dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú á jẹ inú rẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n báyìí: mọ́tò ń jí láàárọ̀, àmọ́ tó bá ti gbóná kò ní jí mọ́, tí ẹ bá sì fi aṣọ tutù bo orí pọ́ńpù fún ìgbà díẹ̀, á tún jí. Ọ̀dà fàdákà ò wo ìyẹn sàn.

Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ tún tiyín ṣe. Kí wọ́n tó tú u, ẹ fi ìṣó sàmì sí ibi ìkọ̀kọ̀ kan lára rẹ̀, ẹ ya fọ́tò pátákó rẹ̀, kí mẹkáníìkì sì fi ìlà sàmì sí ibi tí pọ́ńpù ti kan ẹ́ńjìnnì, torí bí táímìn, ìyẹn àsìkò tí pọ́ńpù ń fún epo sí ẹ́ńjìnnì, bá pẹ́, èéfín funfun àti àìfà ló kàn. Ẹ jókòó tì wọ́n níbi maṣíìnì tí wọ́n fi ń dán an wò. Tí ọlọ́jà bá ní àwọn kì í kọ nọ́ńbà pọ́ńpù sí rìsíìtì, ẹ gbé tiyín kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí maṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kó jọ̀ọ́ bá wa sọ ọ́, torí kò pọ̀ mọ́.