Gìtá àpótí oníná: èwo ni kí a rà, ṣé ó sì di dandan kí a ra kọ́ḿbò mọ́ ọn?

Ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá àpótí oníná sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ òǹtajà pẹ̀lú ìbéèrè méjì tó so mọ́ra: gìtá wo ló dára, kọ́ḿbò wo, ìyẹn ẹ̀rọ agbóhùnsókè gìtá, ni kí n fi kún un? Òǹtajà lè dáhùn èkíní. Èkejì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ ó ti máa lo gìtá náà ló ni ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé ihò wáyà tó wà ní ìdí gìtá kò sọ ọ́ di dandan fún yín láti ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè kankan. Gìtá oníná pọ́ńbélé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún rárá bí kò bá sí kọ́ḿbò, ṣùgbọ́n gìtá àpótí ní ikùn tirẹ̀, inú ikùn náà ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, iná ìbáà wà, ìbáà má sì sí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń san owó lé lórí. Lábẹ́ egungun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gìtá gùn lé ni wọ́n máa ń fi pickup, ohun tó ń gba ìró okùn, pamọ́ sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni oríṣi tí a ń pè ní piezo, tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì okùn di iná mànàmáná. Iná náà kéré jọjọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ojú sí ẹ̀gbẹ́ àpótí láti fi preamp sí, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún iná náà lágbára, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a fi ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè tàbí tí a fi ń dín wọn kù, àti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ṣètò ohùn okùn. Bátìrì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́: oní-fóòtì 9 ni àwọn gìtá kan ń lò, AA sì ni àwọn mìíràn ń lò. Kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ bá wà lórí okùn nìkan ni bátìrì yìí ń jó. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti wà nínú ihò rẹ̀, jíjó ló ń jó. Mo fi wáyà tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìdánrawò kan di òmíràn, àárín orin ìyìn gan-an ni ohùn gìtá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í há títí ó fi dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, ti fi máíkì kékeré mọ́ ara gìtá àpótí rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè là já láàárín ìlù. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ó kan ìnáwó yín: ẹni tó bá ra gìtá àpótí lásán lónìí lè wá pickup fi sí i nígbà mìíràn, yálà èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ pákó tàbí èyí tí a ń há mọ́ ẹnu ihò ohùn. Èyí tí a ń há mọ́ ẹnu ihò máa ń jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì wúlò fún gìtá olókùn ọ̀rá, irin ló ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi gìtá Yamaha mẹ́ta wé ara wọn, nítorí pé ìyàtọ̀ wọn fi ohun tí mò ń sọ hàn kedere. FG800 kò ní iná rárá. FGX800C bá a tan, àmọ́ wọ́n fi pickup àti preamp sí i, wọ́n sì gé èjìká rẹ̀ kan wọnú kí ọwọ́ lè dé ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé àpótí. Àwọn méjèèjì ní pákó iwájú spruce tó jẹ́ ojúlówó igi ẹyọ kan, kì í ṣe pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bíi pílíwúùdù, okùn wọn sì gùn ní mílímítà 650 láti egungun òkè dé egungun ìsàlẹ̀. APX600 gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ikùn rẹ̀ kò jìn ju mílímítà 80 sí 90 lọ, nígbà tí ti FGX800C wà láàárín 100 sí 118. Okùn rẹ̀ kúrú díẹ̀, ó jẹ́ 634. Pákó iwájú rẹ̀ kì í sì í ṣe igi ẹyọ kan.

Bí ẹ bá gbé FGX800C àti APX600 sórí itan láìki wáyà bọ̀ wọ́n, èkíní yóò bo èkejì mọ́lẹ̀, pàápàá jù lọ ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí pé ikùn ńlá ní àyè tí ohùn ti ń rìn. Bí ẹ bá tún kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìjọsìn tí ìlù àti kíbọ́ọ̀dù ti kún, tí ẹ sì ki wáyà bọ̀ wọ́n, ìyàtọ̀ náà yóò dínkù gidigidi, torí pé piezo ni etí àwọn èèyàn ń gbọ́, kì í ṣe ikùn gìtá. Níbẹ̀ ni APX600 ti ń gba ẹ̀san: ikùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í tètè súfèé bí ẹni tó ń ta á bá dúró sítòsí súpíkà, ó sì rọrùn fún ẹni tí apá rẹ̀ kúrú tàbí tó máa ń dúró fún wákàtí púpọ̀. Fender CD-60SCE sún mọ́ FGX800C nínú ìpín yìí, pẹ̀lú pákó iwájú spruce ẹyọ kan àti iná ilé iṣẹ́ Fishman. Bí ọrùn gìtá ṣe bá àtẹ́lẹwọ́ yín mu ni kí ẹ fi yàn láàárín wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé igi ẹyọ kan tètè máa ń mọ ọyẹ́ lára ju pílíwúùdù lọ. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ máa fi í sínú àpò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí pákó má bàa sán.

Ní tèmi, ẹni tó jẹ́ pé inú yàrá ni yóò ti máa ta gìtá fún ọdún kan sí méjì kò ní ohun tó ń fi FGX800C ṣe. FG800 ni kí ó rà. Owó tó lé lórí ni kí ó fi sanwó fún olùkọ́.

Bí ẹ bá pinnu láti ra èyí tó ní iná, ẹ má gbà kí òǹtajà fi orin kan ṣoṣo dán an wò fún yín. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára kan náà. Bí okùn kan bá lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé ṣe kí egungun orí pickup má jókòó dáadáa. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì, kí ẹ mi wáyà díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilé bátìrì wò bóyá ó ti dípẹtà.

Ó wá ku kọ́ḿbò. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí èèyàn ki gìtá àpótí bọ kọ́ḿbò tí wọ́n ṣe fún gìtá oníná pọ́ńbélé. Súpíkà irú kọ́ḿbò bẹ́ẹ̀ kì í gbé ohùn òkè jáde, nítorí pé gìtá oníná kò fẹ́ ẹ. Ohùn gìtá àpótí yóò wá dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ìrọ̀rí. Kọ́ḿbò gìtá àpótí ní tirẹ̀ sábà máa ń ní súpíkà kékeré fún ohùn òkè, àti ojú kejì fún máíkì.

Fishman Loudbox Mini àti Roland AC-33 ni mo máa ń fi wé ara wọn fún àwọn tó bá bi mí. Loudbox Mini ní agbára wáàtì 60, súpíkà ínṣì 6.5 àti kékeré ínṣì kan. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì tó fún gbọ̀ngàn kékeré tàbí ìsọmọlórúkọ nínú ọgbà ilé. Àmọ́ bí iná bá lọ, orin tán. AC-33 kò lágbára tó o, wáàtì 30 ni, àmọ́ bí iná bá lọ, ó lè lo bátìrì AA mẹ́jọ, tí agbára rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí 20. Fún wa tí a mọ ohun tí iná ìjọba ń ṣe, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń ba orin jẹ́, wáàtì 20 tó dúró sàn ju 60 tó ń lọ tó ń bọ̀. Loudbox Mini Charge pa méjèèjì pọ̀, nítorí pé ó ní bátìrì tí a ń fi iná sí, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 60. Ó kàn wọ́n jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹni tó jẹ́ pé ilé ìjọsìn nìkan ló ti ń ta gìtá lè fo gbogbo èyí. Míkísà àti súpíkà ńlá ti wà níbẹ̀. Ohun tó nílò ni DI box, àpótí irin kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn gìtá lè gba inú wáyà gígùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣètò míkísà láìgbé ariwo dání. Bí gìtá bá sì ti ní preamp, oríṣi tí kò lo iná ti tó. Ẹ fi róbà tí a ń fi dí ẹnu ihò ohùn kún un bí súpíkà bá ń súfèé, owó kékeré ni. Ẹni tó ń lọ òde àríyá níbi tí kò ti dá a lójú bóyá wọn yóò gbé ẹ̀rọ wá, òun gan-an ni kọ́ḿbò wúlò fún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, tàbí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi kọ́ḿbò ránṣẹ́ láti òkè òkun. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà, iná wọn àti ojú ihò iná wọn bá tiwa mu. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ti fóòtì 120, tiwa sì jẹ́ 230, èéfín sì lè jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ ki í bọ iná. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ́ḿbò náà síta, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iná rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.