Ìwé Ìgbélùú Kánádà fún Tọkọtaya: Ọ̀nà Abẹ́lé Ni Àbí Ọ̀nà Òkèèrè?

Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó wà ní Kánádà fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ti abẹ́lé wà fún àwọn tó ti jọ ń gbé níbẹ̀. Ti òkèèrè kò béèrè ìyẹn.

Ìrìn àjò ló yà wọ́n jù. Bí ẹni tó gba ọ̀nà abẹ́lé bá wá sìnkú nílé, tí wọn ò sì jẹ́ kó wọlé padà, ìwé rẹ̀ lè wọmi, torí gbígbé pọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń retí tiẹ̀ ní Ìbàdàn ò níṣòro yẹn. Bí wọn ò bá sì fọwọ́ sí ìwé òkèèrè, onígbọ̀wọ́ lè gbé e lọ sí Immigration Appeal Division, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Ti abẹ́lé ò láǹfààní yẹn. Àwa á gba èèyàn níyànjú pé kó gba òkèèrè, àfi bó bá dá a lójú pé òun ò ní rìnrìn àjò.

Ìwé tí ọ̀nà méjèèjì ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Títẹ̀ka jẹ́ 85 dọ́là Kánádà, èsì àyẹ̀wò ìlera sì ń wúlò fún oṣù 12. Lórí fọ́ọ̀mù IMM 5669, tó ń béèrè ìtàn ìgbésí ayé yín, ẹ má fo oṣù kankan, kódà èyí tí ẹ fi jókòó sílé láìníṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ, títí kan èyí tí kò bá yín lọ. Ọmọ tí ẹ bá fi pamọ́ lè má ṣeé mú wá mọ́.

Ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀ gbọ́dọ̀ mú àkọsílẹ̀ ẹrù méjì dání: èyí tó gbé wá, àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bówó ọwọ́ rẹ̀ bá tó 10,000 dọ́là Kánádà, kó sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.