Àpótí jéèdì ààfin Ṣáínà: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àpótí jéèdì tí wọ́n sọ pé ààfin ọba Ṣáínà ni wọ́n ṣe é fún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé òkúta méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ jéèdì lọ́jà: nephrite àti jadeite.

Nephrite ni òkúta ààfin láti ayé àtijọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Qianlong, tó jọba láti 1736 sí 1795, gba agbègbè Hotan, ibi tí nephrite ti ń wá ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà òde òní, ní 1759, òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Beijing lọ́pọ̀ yanturu gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà inú ààfin àti ti ìlú Suzhou sì ń fi í ṣe àpótí. Ó lè funfun, ó sì lè ní àwọ̀ ewé tó ṣú. Dídán rẹ̀ dà bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para, àwọn ará Ṣáínà sì ń pe èyí tó funfun jù lọ ní jéèdì ọ̀rá àgùntàn. Myanmar ni jadeite ti ń wá ní tirẹ̀. Ó ń kọ mànà bíi dígí, ó sì wúwo jù: ó tó ìlọ́po 3.3 ìwúwo omi, nígbà tí nephrite jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 3. Ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó tó wọ́pọ̀ láàfin, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpótí jadeite wá tó ní ó ti wà láti ayé ọba Kangxi, tó kú ní 1722, ẹ fura.

Ọ̀bẹ kò ran jéèdì. Iyanrìn líle, omi àti ẹ̀rọ àyípo tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé inú àpótí ni èmi máa ń wò kí n tó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ fi ìka pa igun inú níbi tí ojú kì í sábà dé: iṣẹ́ ààfin tó dára a máa jọ̀lọ̀ débẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú, ẹ óò rí ilà gbígbẹ tí irinṣẹ́ òde òní fi sílẹ̀.

Àmì orúkọ ọba tó wà nísàlẹ̀ ni àwọn olùtajà ń fi yangàn jù, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti fi kún un lẹ́yìn. Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, àpótí tí kò ní àmì ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni n ó rà.

Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò òkúta pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń fi ásíìdì fọ jadeite kí wọ́n tó rọ ike sí i, wọ́n sì ń pa á láró. Ìwé yẹn kò lè sọ ọjọ́ orí. Ẹ tún béèrè ìwé àwọn tó ti ni àpótí náà rí, nítorí Ṣáínà kì í sábà gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe ní 1911 tàbí ṣáájú rẹ̀ jáde nílùú.