Verilog àbí VHDL? Kí ẹ tó ra bọ́ọ̀dù FPGA

FPGA ni ṣíìpù tá a lè tún sákíìtì inú rẹ̀ tò bá a ṣe fẹ́; Verilog àti VHDL ni èdè tá a fi ń kọ sákíìtì náà sílẹ̀. Owó kọ́ la fi ń ra èdè méjèèjì. Icarus Verilog tá a fi ń dán Verilog wò, ọ̀fẹ́ ni. GHDL tó wà fún VHDL, ọ̀fẹ́ ni. GTKWave tá a fi ń wo bí 0 àti 1 ṣe ń pààrọ̀ nínú sákíìtì náà, ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ọ̀dù ló ń gbowó, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi laptop tọ́ èdè méjèèjì wò.

Verilog bẹ̀rẹ̀ ní 1984 nílé iṣẹ́ Gateway Design Automation ní Amẹ́ríkà. Ó jọ èdè kọ̀ǹpútà C, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ó gba gbẹ̀rẹ́ jù. Bí ẹ bá ṣi orúkọ wáyà kọ níbi tẹ́ ẹ ti ń so module (ẹ̀yà sákíìtì) méjì pọ̀, á kàn ṣẹ̀dá wáyà tuntun oníbíìtì kan, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá irú àṣìṣe yìí: dat_in ni mo kọ dípò data_in. Látìgbà náà, `default_nettype none, ìlà tí kì í jẹ́ kó ṣẹ̀dá wáyà fúnra rẹ̀, ló máa ń ṣíwájú nínú fáìlì mi. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àmì tá a fi ń fi iye sínú nǹkan, = àti <= pẹ̀lú. Níbi tí clock (ìlù tó ń lù déédéé nínú sákíìtì) bá ti ń darí iṣẹ́, <= ni kẹ́ ẹ lò; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tẹ́ ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà lè yàtọ̀ sóhun tí bọ́ọ̀dù máa ṣe.

Ẹ̀ka ààbò ìjọba Amẹ́ríkà ló bí VHDL. 1987 ni IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, fọwọ́ sí i. Ó jọ èdè kọ̀ǹpútà Ada, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ bí ìwé kóòtù. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi bíìtì 8 sínú àyè bíìtì 4, á kọ̀ jálẹ̀. Ìyọnu ni lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àánú ni lẹ́yìn ìyẹn.

SystemVerilog, ọmọ Verilog ni. Ẹ máa bá a pàdé bó bá yá. Chisel, èdè míì tó wá láti yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, ń fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èdè Scala, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ó wá ku bọ́ọ̀dù. Basys 3 ní LUT (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tá a fi ń kọ́ sákíìtì) 20,800, súìsì 16 àti iná LED 16, ó sì rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Vivado, sọ́fúwià tó ń bá a ṣiṣẹ́, gba èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ó tóbi débi pé ó lè jẹ dátà oṣù kan tán. iCEBreaker kò ju LUT 5,280 lọ. Yosys àti nextpnr, sọ́fúwià tó ń bá a ṣiṣẹ́, fúyẹ́ gan-an, àmọ́ Yosys kì í ka VHDL láìsí ìrànwọ́ GHDL. Tang Nano 9K ní LUT 8,640, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré.

Èmi á mú Verilog pẹ̀lú iCEBreaker. Bó bá jẹ́ VHDL ni olùkọ́ yín fẹ́, ẹ ra Basys 3.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wáyà USB wà nínú páálí. Wáyà tó ń gbé iná nìkan, tí kì í gbé dátà, kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí bọ́ọ̀dù náà rárá.